Ẹ̀jẹ̀ Tó Lè Rìn, Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Lè Rìn

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ tuntun tó wọn kílò 3 kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan lọ. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tó wọn kílò 1 péré, kò tó mìlílítà 100. Ìgò tí láàbù fi ń gba ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà sì máa ń gba nǹkan bíi mìlílítà 5. Bí wọ́n bá gba ẹ̀kún ìgò bẹ́ẹ̀ lára ọmọ kílò 1 láàárọ̀, tí wọ́n tún gba òmíràn lálẹ́, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sí láàbù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tí wọ́n gbé wá fún ìtọ́jú, àyẹ̀wò ló tún wá ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ láàbù ọmọdé, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Kì í sábà lọ sí iṣan apá. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ni ó ń gún, kì í ṣe àárín rẹ̀ níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ. Yóò kọ́kọ́ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wé ẹsẹ̀ ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Yóò nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù, lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ kí ìyókù máa kán fúnra rẹ̀ sínú ìgò tí kò ga ju ọmọ ìka lọ. Bó bá kánjú, tó ń fún ẹsẹ̀ náà mọ́wọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ yóò bẹ́, potassium inú wọn yóò dà sínú omi ẹ̀jẹ̀, èsì yóò sì jáde pé potassium ọmọ ti ga débi tí ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe ọmọ. Ọwọ́ ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ ló fà á.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 síbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní rárá, iye tí àwọn kà ju mílíọ̀nù 2 lọ. Èyí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, ibi tí wọ́n ń bímọ ni Alímọ̀ṣọ́. Àwọn tọkọtaya tí apá wọn kò ká owó ilé Ìkẹjà àti Súrùlérè ń kó wá sí Ìkòtún, Ìjẹ̀gùn, Akẹ́sàn, Àyọ̀bọ́ àti ẹ̀yìn Ìgàndò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bí àkọ́bí. Ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà wọn wà ní Ìgàndò, ilé ìtọ́jú aláboyún àti ọmọdé sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn sẹ́ńtà ìlera alábọ́ọ́dé wà káàkiri, ilé ìwòsàn aládàáni kò lóǹkà, ilé agbẹ̀bí àti ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ń gbọ́mọ lálaalẹ́.

Láàbù pàápàá kò wọ́n. Láti ìyànà Ìkòtún títí dé Ẹgbẹ́dá, pátákó wọn ló ń bá ti ilé oúnjẹ du ojú títì: ibà, táífọ́ọ̀dù, jẹ́nótáìpù, oyún, ṣúgà. Iṣẹ́ tó wúlò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò Widal, tí wọ́n fi ń pe gbogbo ara gbígbóná ọmọ ní táífọ́ọ̀dù, èmi kò rò pé ó yẹ kí òbí kankan tún máa náwó lé e lórí. Èròjà agbógunti-àrùn tí ara ti ṣe sílẹ̀ láti ìjà àtijọ́ ni ó ń kà, kò lè sọ ẹni tó ń bá ọmọ jà lónìí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ hu kòkòrò jáde fún ọjọ́ mélòó kan ni ó lè sọ ìyẹn.

Ohun tí kò tíì tó ni láàbù tí wọ́n dìídì gbé kalẹ̀ fún ọmọdé: èyí tó lè fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, tó ń ṣiṣẹ́ lóru, tó mọ̀ pé ọmọ ọjọ́ 3 kì í ṣe àgbàlagbà tó kéré. Àwọn tó ń pèrò nípa rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ olówó ńlá. Èmi rò pé ibòmíràn ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè rin ìrìn àjò dé Yábàá, kó dé Ìdí-Àràbà, kó tún kọjá lọ sí Ìbàdàn, kí òótọ́ inú rẹ̀ má yí padà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé kó tó kúrò ní Ìyànà-Ìpájà, irọ́ ni yóò máa pa. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ti mọ ohun tó yẹ kó wà ní Ìgàndò àti ohun tó yẹ kí a máa fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ibà pọ́njú. Ọmọ tuntun máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì pupa tó pọ̀ wá láti inú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìbí, púpọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, èròjà pupa-rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin á sì jáde láti ara wọn. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó kó o jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Láti ọjọ́ kejì dé ìkarùn-ún, ojú á pọ́n, ara á pọ́n. Ti ọ̀pọ̀ ọmọ á lọ fúnra rẹ̀. Ti àwọn mìíràn á ga títí yóò fi ráyè wọ inú ọpọlọ, bó bá sì ti débẹ̀, ohun tó bà jẹ́ kì í tún ṣeé tún ṣe: ọmọ lè di adití, ọrùn rẹ̀ lè má gbé orí dúró, ó sì lè kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Bí ìyá bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ilé, ohun tó máa gbọ́ kò ju méjì lọ: “Ìyá ọmọ, ẹ máa gbé e sóòrùn àárọ̀,” àti “Ẹ fún un ní omi gúlúkóòsì.” Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n omi gúlúkóòsì kì í lé bilirubin jáde, ọmú ni ó ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ti oòrùn ní tirẹ̀ ní òótọ́ nínú, òótọ́ náà sì ní ìtàn tó yẹ kí gbogbo láàbù ọmọdé kọ sára ògiri.

Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Ward, tó ń bójú tó àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, máa ń gbé wọn jáde sóòrùn nínú ọgbà. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: ara rẹ̀ ti mọ́, àfi ibì kan tí igun aṣọ bò, tó ṣì pọ́n. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tó ní ibà pọ́njú wà lójú fèrèsé láàbù fún wákàtí mélòó kan, tí oòrùn ń pa á. Nígbà tí wọ́n wá wọn bilirubin inú rẹ̀, ó ti wálẹ̀ gan-an ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Dókítà Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní ọdún 1958. Láti ibẹ̀ ni iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tan sórí ọmọ ní ilé ìwòsàn gbogbo ayé ti ṣẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ ìtàn yìí, ti ọmọ nìkan ni wọ́n ń rántí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìgò náà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wo ọmọ sàn ni ó ń ba ẹ̀jẹ̀ inú ìgò jẹ́. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní ilé ìwòsàn kan ní Abaranjẹ, tí wọ́n fi í sínú ọ̀rá funfun, tí ọlọ́kadà gbé e gba inú oòrùn ọ̀sán kọjá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìdímù lọ sí láàbù ńlá kan ní Ìkẹjà, iye tí láàbù náà máa kọ yóò kéré sí èyí tó wà lára ọmọ. Dókítà yóò wo ìwé, yóò ní kò tíì tó ohun tí à ń tan iná sí. Láàbù kò ṣẹ̀, dókítà kò ṣẹ̀. Ọ̀nà ló jìn. Bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, tí wọ́n bá fi wé ìgò náà, ìbá ti gba ọmọ sílẹ̀. Èyí tó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ìgò náà má kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn rárá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ṣúgà. Sẹ́ẹ̀lì inú ìgò kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé òun kúrò lára ènìyàn, yóò ṣì máa jẹ gúlúkóòsì tó bá yí i ká. Nínú ooru Èkó, ìgò tí kò ní oògùn fluoride nínú yóò máa pàdánù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ dára á wá dà bí ẹni tó fẹ́ dákú. Wọ́n á sì fa dírípù sí i lára láìnídìí. Ọmọ tuntun tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ lóòótọ́ kò sì ní wákàtí 3 tó fẹ́ fi dúró de èsì. Àyẹ̀wò méjì tí ọmọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílò jù lọ, àwọn gan-an ni kò lè rìn.

Iye bilirubin nìkan pàápàá kò tó. Ọjọ́ orí ọmọ ni wọ́n fi ń kà á, wákàtí ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́ orí náà. Ohun tó jẹ́ ewu fún ọmọ wákàtí 20 lè má já mọ́ nǹkan kan fún ọmọ ọjọ́ 5. Lẹ́yìn èyí, òdiwọ̀n méjì ló wà nígboro: láàbù kan á kọ 18, èkejì á kọ 308, iye kan náà sì ni, nítorí miligíráàmù kan nínú dẹsilítà kan jẹ́ 17.1 ní òdiwọ̀n kejì. Ìyá tó gbé ìwé láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn lè bá nọ́ọ̀sì tó mọ òdiwọ̀n kan ṣoṣo pàdé. Bí àwọn láàbù Alímọ̀ṣọ́ bá lè fẹnu kò lórí òdiwọ̀n kan ṣoṣo fún bilirubin ọmọ tuntun, kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èkó fúnra rẹ̀ ti kọ́ ayé ní nǹkan lórí oòrùn yìí. Ní ilé ìwòsàn Island Maternity ní Erékùṣù Èkó, Tina Slusher, Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ta ìbòrí kan tí ọ̀rá rẹ̀ ń sé ìtànṣán tó ń jó awọ àti èyí tó ń mú ooru wá, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ tó lé ní 400 fún ìwádìí náà, àwọn kan sábẹ́ ìbòrí, àwọn kan sábẹ́ iná. Èsì rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine ní ọdún 2015: oòrùn tí wọ́n sẹ́ kò kéré sí iná lágbára. Ní ìlú tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège, ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un yàtọ̀ sí oòrùn ẹ̀yìnkùlé ni pé wọ́n ń wọn ooru ara ọmọ, wọ́n ń wọn bilirubin rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Láàbù ló sọ oòrùn di oògùn.

Kí ló dé tí ibà pọ́njú tiwa fi le tó bẹ́ẹ̀? Nígbà mìíràn ìyá ló jẹ́ O, tí ọmọ sì jẹ́ A tàbí B, tí ara ìyá ti fi èròjà ránṣẹ́ tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà. Nígbà mìíràn, kòkòrò ló wọlé láti ojú ìdodo. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an: G6PD. Ẹ́ńsáìmù kan ni, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn èròjà tó lè jó o. Bí ọkùnrin 5 bá dúró láàárín wa ní ilẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí ẹnì kan nínú wọn ni ẹ́ńsáìmù yìí kò tó lára rẹ̀. Orí kúrómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà, ìdí nìyí tó fi ń hàn lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ.

Ìbàdàn wà lára ibi tí ayé ti lóye ọ̀rọ̀ yìí. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun àti Usanga àti Reddy ló fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 1969 pé kòkòrò ibà kì í fẹ́ràn láti dàgbà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ẹ wo bó ṣe rí: lára obìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ni wọ́n ti rí i, kòkòrò pọ̀ nínú èyí tó péye, ó ṣọ̀wọ́n nínú èyí tí kò péye. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ̀fọn ṣe fún àwọn baba ńlá wa ló wà lára ọmọ ọjọ́ 3 tó pọ́n ní Ẹgbẹ́dá lónìí.

Ohun tó sì ń tan iná ràn án wà nínú yàrá. Kàfúrà oníhóró funfun tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́: aṣọ tí ìyá ti tọ́jú sílẹ̀ láti oṣù karùn-ún, nínú rẹ̀ ni wọ́n máa wé ọmọ sí. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó máa bẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọmọdé wa tún ń kìlọ̀ nípa ìpara tó ní mẹ́ńtọ́lù tí wọ́n fi ń ra ìdodo àti àyà ọmọ. Kò sí ìyá tó ń ṣe èyí láti ṣe ọmọ rẹ̀ níbi. Ẹni tó bá mọ̀ kí ó tó bímọ yóò sá aṣọ náà sóòrùn, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì ju kàfúrà dànù. Kò sí láàbù tó lè ṣe ju ìyẹn lọ.

Àyẹ̀wò G6PD ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà ni wọ́n sábà ń wọ̀n, ooru sì ń pa iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ lójú ọ̀nà, ọmọ tó péye lè dà bí ẹni tí kò péye. Lọ́nà kejì, bí sẹ́ẹ̀lì àgbà bá ti bẹ́ tán lára ọmọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ṣẹ́kù ní ẹ́ńsáìmù díẹ̀ sí i, èsì á sì jáde pé kò sí nǹkan kan. Níbí ni ìmọ̀ DNA ti wọlé. Bí jíìnì bá ti yí padà láti inú oyún, kì í yí padà sẹ́yìn nítorí oòrùn tàbí nítorí pé sẹ́ẹ̀lì bẹ́. DNA ni ẹ̀jẹ̀ tó lè rìn.

Bó ṣe ń rìn rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Robert Guthrie ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun sórí bébà nínípọn tó ń fa omi mu. Wọ́n á tẹ́ ẹ kalẹ̀ títí á fi gbẹ, wọ́n á fi í sínú àpò ìwé, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́. Bébà yẹn ṣì ni gbogbo ayé ń lò. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí rẹ̀ kò nílò fíríìjì lójú ọ̀nà. Wọ́n á kàn rọra lu ihò kékeré kan jáde lára rẹ̀, wọ́n á yọ DNA inú rẹ̀, ẹ̀rọ PCR á sì sọ ègé kan di àìmọye mílíọ̀nù láàárín wákàtí mélòó kan.

Nàìjíríà ń lo bébà yìí, a kò kàn pariwo rẹ̀ ni. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní HIV máa ń gbé èròjà agbógunti-àrùn ìyá kiri títí dé nǹkan bí oṣù 18, nítorí náà àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún àgbàlagbà kò lè sọ bóyá ọmọ ní in tàbí kò ní in. Kòkòrò fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nọ́ọ̀sì á gún gìgísẹ̀, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, bébà á lọ sí láàbù tó ní PCR, irú bí èyí tó wà ní NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, èsì á sì padà. Ọ̀nà ti wà. Ọlọ́kadà tó ń gbé e ti wà, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n kán ti wà. Nígbà tí Kòrónà dé ní oṣù kejì ọdún 2020, láàbù ní Èkó ló mọ ẹni àkọ́kọ́ tó ní in nílẹ̀ wa, láàbù ti Yunifásítì Redeemer ní Ẹdẹ sì ka gbogbo jíìnì kòkòrò náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ní ìmọ̀ DNA ga ju wa lọ, kó wá nǹkan mìíràn sọ.

Ohun tó yẹ kó wà lórí bébà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ HIV ni fòní-kú-fọ̀la-dìde. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà. Ní ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hemoglobin àwọn tó ní in yàtọ̀, ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Vernon Ingram rí i pé èròjà kan ṣoṣo ni wọ́n pààrọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n gígùn. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ, wọ́n sọ ọmọ ní Dúrósinmí, wọ́n sọ ọ́ ní Kòkúmọ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Àwa ní ẹ̀rọ, a sì ń dúró títí ọmọ yóò fi pé oṣù 8, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, kí a tó bèèrè jẹ́nótáìpù rẹ̀.

Kí ló dé tí ìdúró yẹn fi ń pani? Nítorí hemoglobin inú oyún, tí ọmọ tuntun ṣì gbé wá, ń dáàbò bò ó fún oṣù mélòó kan, kò ní sí àmì kankan. Lẹ́yìn náà, kòkòrò òtútù àyà lè gbé e lọ ní ọjọ́ kan. Ní ọdún 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pẹnisílínì ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dín àkóràn yìí kù ní ìdá 84 nínú 100 láàárín ọmọdé tó ní SS. Pẹnisílínì! Oògùn tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn Ìkòtún. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé a kò mọ ọmọ tó yẹ kó máa lò ó.

Hemoglobin oyún yẹn náà ló fà á tí ẹ̀rọ tó wà ní ọ̀pọ̀ láàbù àdúgbò, èyí tí wọ́n ti ń fi iná fa hemoglobin lórí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, fi máa ń ṣi ọmọ tuntun kà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HPLC ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ọmọ tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: SS tó gba ẹ̀jẹ̀ AA á jáde bí AS fún bí oṣù 3, àwọn òbí á sì máa dúpẹ́. Èmi ti gbọ́ tí ènìyàn ń bínú pé jẹ́nótáìpù òun “yí padà”. Kì í yí padà. Fún wa ní ilẹ̀ Yorùbá, hemoglobin C náà wà níbẹ̀, ó pọ̀ láàárín wa ju àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà lọ. AC tó fẹ́ AS lè bí SC, ọmọ náà á máa ṣàìsàn, wọ́n á sì máa sọ pé ṣebí kò sí ẹni tó jẹ́ SS níbẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n gún gìgísẹ̀ náà kò nílò àríyànjiyàn. Nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Alímọ̀ṣọ́ kì í dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìbí, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ìyá tó bímọ nílé agbẹ̀bí àti èyí tó bí sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Obiageli Nnodu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Gwagwalada nítòsí Àbújá, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020: nọ́ọ̀sì àjẹsára lè ṣe àyẹ̀wò náà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ègé ìwé kékeré kan àti ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Èyí tó bá fura sí i, kó lọ sí láàbù ńlá fún ìdánilójú. Ilé-iṣẹ́ Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní ọdún 1994 wà ní Ìdí-Àràbà, ó ń gbọ́ ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Láàbù tó sún mọ́ ọmọ tún gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ọmọ. Ẹ wo creatinine, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Inú ẹran ara ló ti ń wá, ọmọ kékeré kò sì ní ẹran ara púpọ̀. Iye rẹ̀ lára ọmọ ọdún 1 lè jẹ́ nǹkan bíi 30. Ti àgbàlagbà lè dé 100 láìsí wàhálà. Bí láàbù bá tẹ ìwọ̀n àgbàlagbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ọmọ, ọmọ tí tirẹ̀ jẹ́ 80 á gba àmì “ó dára” nígbà tí ó ti pàdánù ju ìdajì agbára kíndìnrín rẹ̀ lọ. Mo mú àpẹẹrẹ yìí nítorí ọdún 2008. Láti ìparí ọdún yẹn wọ 2009 ni oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n fi diethylene glycol ṣèèṣì ṣe, pa ọmọ tó kéré tán 84 ní Nàìjíríà. Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà wá sí ilé ìwòsàn, wọn kò tọ̀ mọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1990, nígbà tí oògùn olómi fún ara gbígbóná pa ọmọ 47. Láàbù tó mọ ìwọ̀n ọmọ ló lè kọ́kọ́ rí i pé kíndìnrín ọmọ kejì tó ń bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò ṣe déédéé, kó tó di pé ìkẹwàá dé.

Ní ti alkaline phosphatase, òdìkejì ni: egungun tó ń dàgbà ń sọ ọ́ di púpọ̀, ìwọ̀n àgbàlagbà á sì máa pariwo ewu lórí ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ láàbù wa ń lò, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá láti Yúróòpù ni wọ́n ti kọ ọ́. Iṣẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ fún Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn láàbù Alímọ̀ṣọ́: kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá ṣe ìwọ̀n tiwa.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ kì í sábà rò. Ibà pọ́njú ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, ọjọ́ kẹjọ la sì ń sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìgò kò tíì ní orúkọ, orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí i lára: Ọmọ Adéyẹmí. Ní wọ́ọ̀dù Ìgàndò, Adéyẹmí lè tó mẹ́ta. Àwọn ìbejì ló tún wá ṣòro jù, a sì mọ bí Yorùbá ṣe ń bí ìbejì tó. Bí ìgò Táíwò bá gba orúkọ Kẹ́hìndé, ẹni tí kò ní àrùn á dùbúlẹ̀ sábẹ́ iná, èkejì á máa sùn nítòsí ìyá rẹ̀ títí oorun náà á fi burú. Kí wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ kí wọ́n tó gún un. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn àti wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sára ìgò níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kì í ṣe lórí tábìlì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ti ọmọ márùn-ún tán. Kí wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù ìyá, ti bàbá àti ti ẹnì kan sí i nílé, nítorí ọmọ tí wọ́n ti gbé lọ sílé láàárọ̀ lè ní èsì tó ń bani lẹ́rù ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹni tó wà ní láàbù máa pè títí ẹnì kan yóò fi gbé e, kó sì kọ orúkọ ẹni tó gbé e àti aago tó gbé e sínú ìwé.